Mítà Kan Tí Ilẹ̀ Fi Rìn

Nígbà tí wọ́n gbé Laure Ìyábọ̀dé kúrò ní Ìpòbẹ́ wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, ohun tó ṣe ní Sátidé àkọ́kọ́ ni pé ó fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti ilé tó háyà títí dé ẹnu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹgbẹ̀rún kan àti ogóje ìṣísẹ̀ ni. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan, ó sì lọ dáná. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, kò sì sí ohun kan pàtó tó fẹ́ fi ṣe. Bí obìnrin náà ṣe rí nìyẹn. Ó gbà pé ohun tí ènìyàn bá ti wọ̀n, ènìyàn lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láìpariwo.

Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àti jọ́gíráfì. Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Nínú ọjà, àwọn obìnrin Ṣábẹ̀ẹ́ ṣì máa ń sín in jẹ bó bá ń ná ata, nítorí pé ohùn Ìpòbẹ́ kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀, òun náà a sì sín wọn jẹ padà títí tí wọn yóò fi bu ènì ata sí i. Kò pariwo ní kíláàsì rí. Bí ariwo bá pọ̀, yóò gbé ẹfun ìkọ̀wé sílẹ̀, yóò ká ọwọ́ rẹ̀, yóò máa wo òkè àpáta tó ń yọ lójú fèrèsé bí ẹni tí kò ní ibì kankan láti lọ, títí ara àwọn ọmọ yóò fi rọ̀.

Lọ́dún yìí, ó dé orí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù nínú oṣù kejì, lásìkò tí igbó ti gbẹ tí igi kajú sì ń so. Èdè Faransé ni ìwé ẹ̀kọ́ náà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ a sì máa yọ̀ lára àwọn ọmọ bí omi lórí ewé kókò. Nítorí náà, Laure máa ń kà á lédè Faransé bí ìjọba ṣe fẹ́, lẹ́yìn náà a tún un sọ lédè ilé.

"Pílákì," ni ó kọ sórí pátákó.

Rodrigue, ọmọkùnrin gíga kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá, na ọwọ́. "Màdáàmù, ṣé pílákì alùpùpù, èyí tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí, ni? Ti bàbá mi já lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí ọlọ́pàá dá a dúró, ilẹ̀ kò mì o, bàbá mi ló mì."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Laure dúró kí ẹ̀rín náà tán.

"Jókòó, Rodrigue. Pílákì tèmi tóbi ju ti bàbá rẹ lọ. Gbogbo Áfíríkà ló gùn ún."

Ó ṣàlàyé fún wọn pé èèpo ilé ayé kì í ṣe odindi. Ó ti là sí ọ̀nà ọ̀nà, bí èèpo ẹyin sísè tí wọ́n ti gbá mọ́ tábìlì ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì bó. Àwọn ẹ̀là ńláńlá náà ló ń jẹ́ pílákì, wọ́n sì ń sún díẹ̀díẹ̀ lórí àpáta gbígbóná tó wà nísàlẹ̀ wọn. Níbi tí etí méjì bá ti ń ti ara wọn tàbí tí wọ́n ń ha ara wọn, níbẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń mì jù, ẹ̀bá ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ òkè tó ń yọ iná wà. Àárín pílákì, níbi tí Ṣábẹ̀ẹ́ wà, kì í sábà mì. Lẹ́yìn èyí ló wá sọ gbólóhùn kan tó kúrú, tí ó dùn ún lẹ́nu, tí àwọn ọmọ sì kọ sí etí káyé, ìwé ìkọ̀wé wọn, lédè ilé:

"Ilẹ̀ ń rìn."

"Ó ń rìn?" Samiratou ló béèrè. Ọmọ Alassane ni, àgbẹ̀ kan ní abúlé Bóni. Ọmọbìnrin tí kì í kọ nǹkan sílẹ̀ títí tó fi máa yé e. "Báwo ló ṣe ń yára tó, Màdáàmù?"

"Bí èékánná rẹ ṣe ń hù. Tiwa ń lọ bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ́dún kan, sí ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn."

Samiratou tẹ orí ba, ó ṣírò. "Ogójì ọdún, mítà kan."

Laure lọ wo káyé rẹ̀. Ìṣirò náà pé. Ó fi yíǹkì pupa kọ "ó dára gan-an" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lédè Faransé, ó sì fi ọwọ́ sí i. Inú rẹ̀ dùn sí ọmọ náà débi pé kò ka ohun tó wà lókè ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kọjá sí ọ̀rọ̀ ewu àti agbára. Ó ya Haítì àti Ṣílè sórí pátákó. Lọ́dún 2010, ilẹ̀ mì ní Haítì ní oṣù kìíní, ó mì ní Ṣílè ní oṣù kejì. Ti Ṣílè fi bí ìgbà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ju ti Haítì lọ ní agbára. Àwọn tó kú ní Ṣílè lé díẹ̀ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Àwọn tó kú ní Haítì ju ọ̀kẹ́ márùn-ún lọ.

"Kí ló pa wọ́n?" ni Laure bi wọ́n.

"Ìmìtìtì ilẹ̀," ni gbogbo wọn dáhùn pọ̀.

"Nígbà náà, kí ló dé tí èyí tó lágbára jù fi pa ènìyàn tó kéré jù?"

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan lórí rẹ̀: irú ilé tí wọ́n kọ́, òfin tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ lé, ibi tí ìmìtìtì náà ti sún mọ́ ìlú ńlá, ilé ìwòsàn tí kò tó, ìlú tí àwọn alágbára ayé ti gba tọwọ́ rẹ̀ fún igba ọdún. Samiratou kọ gbogbo rẹ̀. Laure lọ sílé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ajé, obìnrin kan tó tó ẹni ọgọ́ta ọdún wá dúró sábẹ́ igi dóńgóyárò inú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Eruku pupa ọ̀nà Bóni ti dé ibi orúnkún rẹ̀. Ó ń bi gbogbo ẹni tó ń kọjá pé èwo ni Màdáàmù tó ń kọ́ni ní ilẹ̀. Laure jáde sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màdáàmù. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní ilẹ̀ ń rìn?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ kú ìrìn. Ẹ wá jókòó."

"N kò jókòó. Ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tó ń lọ fún mi ná."

Laure fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí ojú rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Ó mú omi wá. Ìgbà tí obìnrin náà mu ún tán ló wá jókòó, tó sì sọ ara rẹ̀ di mímọ̀: Àdìjá ni orúkọ rẹ̀, ìyá Rachida. Ọkọ rẹ̀, Latifou, ti kú láti ọdún mẹ́fà. Oko tó fi sílẹ̀ ní Bóni bá oko Alassane pààlà. Pèrègún ni ààlà náà. Latifou àti bàbá Alassane ló jọ gbìn ín ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí òun fi oyún Rachida sínú, Rachida sì ti pé ẹni ogójì ọdún báyìí. Lẹ́yìn pèrègún, ní ìhà tirẹ̀, ọkọ rẹ̀ gbin kajú kan tẹ̀ lé èkejì lórí ìlà kan, igi mọ́kànlá. Kò tó ìṣísẹ̀ kan láti ìdí pèrègún sí ìdí wọn.

"Àwọn mẹ́rì, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ń kọ gbogbo oko abúlé wa sínú ìwé," ni ó sọ. "Awọnlẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ibi tí aládùúgbò méjì bá fẹnu kò sí, yóò ri bọ́ọ̀nù síbẹ̀, òpó símẹ́ńtì yẹn, ó parí. Ibi tí wọn kò bá fẹnu kò sí, yóò kọ 'ìjà' síbẹ̀, yóò kọjá lọ. Alassane wá gbé káyé ọmọ rẹ̀ lọ bá olórí abúlé. Ó ní ogójì ọdún ni pèrègún fi rìn, ó ti fi mítà kan wọ inú oko òun. Ó ní kí wọ́n dá a padà síbi tó ti wá. Ibi tó ti wá yìí, Màdáàmù, ẹ̀yìn igi kajú mi ni."

Laure wò ó lọ́kàn rẹ̀. Bí Àdìjá ṣe júwe rẹ̀, oko Alassane wà ní ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn ti Àdìjá. Ohun tí ọkùnrin náà sọ tẹ̀ lé ohun tó wà nínú káyé láìyẹ̀ kúrò lórí ìlà.

"Ó fi yíǹkì pupa yín hàn wọ́n," ni Àdìjá tún sọ. "Bàbá Ìdòwú, olórí abúlé wa, wò ó títí. Ó ní òun kò lè bá ìwé jà."

"Kì í ṣe ìwé, Màmá. Èmi ni. Ìgbà wo ni wọ́n ń jókòó lé e lórí?"

"Ọ̀túnla. Ní àárọ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Laure sùn bó ṣe máa ń sùn. Kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń gba oorun lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti ń fọ eyín láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ó rí ibi tí gbólóhùn rẹ̀ ti ṣẹ́. Ó sọ pé ilẹ̀ ń rìn. Kò sọ pé ilẹ̀ kan àti ilẹ̀ kejì jọ ń rìn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, tí kò ju lẹ́tà méjì lọ, ló yọ sílẹ̀, tí igi mọ́kànlá sì fẹ́ bá a lọ.

Ní ọjọ́rú, ó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó gun alùpùpù akérò lọ sí Bóni. Ó bá bí ogún ènìyàn lábẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá Bàbá Ìdòwú. Alassane dìde kí i kí ẹnikẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Nígbà tí Latifou kú, òun ló bá Àdìjá kó kajú ọdún náà délé. Káyé ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó fi aṣọ mímọ́ dì í.

"Màdáàmù, ẹ káàbọ̀," ló sọ. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ mi kò purọ́."

"Kò purọ́, Bàbá Samiratou. Ilẹ̀ ń rìn lóòótọ́."

Ẹnu àwọn ènìyàn ya. Àdìjá gbé orí sókè, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n ti tà.

"Ta ló rí i níbi tó ti ń rìn?" Awawou, ìyàwó àbúrò Bàbá Ìdòwú, ló béèrè. Obìnrin náà ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ, kò sì gbójú sókè. "Mo ti ń gbé inú ilé kan náà láti ọjọ́ tí mo ti ṣègbéyàwó. Ilẹ̀kùn mi kò tíì sí níbi tí mi ò fi í sí rí."

"Ẹ̀rọ ló rí i. Ẹ̀rọ tó ń yí ayé po lókè ọ̀run."

"Ẹ̀rọ ta ni?"

"Ti Amẹ́ríkà, ti Yúróòpù, ti Ṣáínà, ti Rọ́ṣíà."

"Tiwa ńkọ́?"

Laure kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. "Irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ báyìí, a kò ní."

"Ẹ gbọ́ o," ni Awawou sọ. "Àwọn tí kò wá síbí rí ló mọ ibi tí oko wa wà."

"Ẹ̀rọ wọn náà ni awọnlẹ̀ máa gbé wá lọ́la," ni Bàbá Ìdòwú sọ. Ọkùnrin arúgbó náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ohun tí a bá sọ fún un ni ẹ̀rọ máa kọ. Bí a kò bá mọ ohun tí a fẹ́ sọ, ohun tó bá wù ú ni yóò kọ. Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé pèrègún rìn tàbí kò rìn?"

"Ẹ bá mi wá ẹní kan, Bàbá. Ẹní gígùn."

Wọ́n tẹ́ ẹní sórí iyanrìn tí wọ́n ti gbá. Laure ní kí Àdìjá jókòó sí ìpẹ̀kun kan, kí Alassane jókòó sí ìpẹ̀kun kejì, ní ìhà ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ó gba ọ̀pá Bàbá Ìdòwú, ó fi dábùú àárín wọn. Ó ní kí Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n láti orúnkún Alassane dé ìdí ọ̀pá. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin ni. Lẹ́yìn náà ló ní kí Florent, àbúrò Bàbá, àti ọkùnrin kan tó sanra di etí ẹní mú, kí wọ́n fà á sí ìhà ìlà-oòrùn.

"Ẹ rọra o!" ni Alassane kígbe.

"Di ara rẹ mú, Alassane," ni Florent sọ bó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, "bí ọwọ́ wa bá já, Nàìjíríà lódìkejì ẹnubodè lo máa balẹ̀ sí!"

"Ẹ fà á tán ẹ jẹ́ kí ó lọ," ni Awawou dáhùn, "yóò bá wa ra epo alùpùpù bọ̀."

Ẹ̀rín gba àgbàlá. Àdìjá pàápàá rẹ́rìn-ín, ó di ìborùn rẹ̀ mú kí ó má bọ́. Ẹní náà ti fi bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta kúrò níbi tó wà. Laure ní kí wọ́n dúró.

"Bàbá, ṣé ọ̀pá yín rìn?"

"Ó rìn."

"Ẹ wọ̀n ọ́n sí orúnkún Bàbá Samiratou."

Bàbá Ìdòwú bẹ̀rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. "Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin," ló sọ. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Alassane kò dìde lórí ẹní. "Ẹní yìí kò ya," ló sọ. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ọmọ mi pé ilẹ̀ ti là."

"Ó là ní etí. Etí tó sún mọ́ wa jù wà nínú òkun, ó ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ sí ibí. Láàárín oko yín àti oko ìyá Rachida, kò sí etí kankan. Pílákì kan náà ló gbé yín."

"Nígbà náà, kí ló dé tí ẹ fi kọ 'ó dára gan-an'?"

Kò bínú bó ṣe béèrè rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Laure mọ̀ pé ohun tí òun bá dáhùn báyìí yóò dé etí Samiratou kí oòrùn tó wọ̀.

"Ìṣirò rẹ̀ dára, mi ò ní yí i padà. Gbólóhùn tí mo fún un ni kò pé, èmi ni mo sì fi yíǹkì pupa sí ohun tí kò pé. Àṣìṣe mi ni, Bàbá Samiratou. Kì í ṣe tirẹ̀, kì í sì í ṣe tiyín."

Ó na ọwọ́, Alassane tú aṣọ, ó gbé káyé náà fún un. Ó rí gbólóhùn náà ní etí ìwé pẹ̀lú ọwọ́ ọmọ náà tó tẹ̀ sápá kan. Láàárín "ilẹ̀" àti "ń rìn", ó fi ọ̀rọ̀ méjì há a: "wa jọ". Ó kà á sókè fún wọn. Ilẹ̀ wa jọ ń rìn. Ó kọ ọjọ́ oṣù sí i, ó fọwọ́ sí i, ó dá a padà.

Alassane wò ó pẹ́. "Mo gbà," ló sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún un. Èmi kò lè délé kí n wí fún ọmọ tó ń kàwé pé òun kò mọ̀ ọ́n."

"Màá sọ fún un."

"Ìyá Rachida," ni Bàbá Ìdòwú pè, "ẹ ti gbọ́. Lọ́la, ibi pèrègún ni ẹ̀yin méjèèjì máa mú awọnlẹ̀ lọ."

"Tí Alassane kò bá tún ka ìwé mìíràn kí ilẹ̀ tó mọ́," ni Àdìjá fèsì. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ le bó ti ń ká ẹní.

Ní ọjọ́bọ̀, Laure ní kíláàsì láàárọ̀. Kò lè lọ sí Bóni. Ó dúró níwájú àwọn ọmọ, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ó sì kọ gbólóhùn tuntun náà sórí pátákó. Rodrigue rẹ́rìn-ín kéékèèké. Samiratou kò rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ̀ láti àná.

"Bàbá mi ní mo kù díẹ̀ kí n gba oko fún òun," ló sọ, kíláàsì sì hó. Ó dúró kí wọ́n hó tán, bí Laure fúnra rẹ̀ ṣe máa ń dúró. "Màdáàmù, bí gbogbo wa bá jọ ń rìn, báwo ni ẹnikẹ́ni ṣe wá mọ̀ pé à ń rìn?"

Laure gbé ẹfun ìkọ̀wé sílẹ̀. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sí ọmọ tó bi í ní ìbéèrè yìí rí. Ó ya pílákì mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ti Áfíríkà, ó ya ẹ̀rọ sókè wọn, ó sì gbé ẹfun náà fún Samiratou pé kó wá wọn àlàfo àárín wọn. Wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́ nígbà tí aago ìsinmi lù.

Fóònù rẹ̀ dún bó ti jáde sí ìta.

"Màdáàmù," ni ohùn Àdìjá sọ, ó ń pariwo bí ẹni tó ń pe ènìyàn lódìkejì odò, "wọ́n ti ń gbẹ́ ihò bọ́ọ̀nù náà o."

"Níbo ni, Màmá?"

"Níbi pèrègún! Alassane fúnra rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ hàn wọ́n. Awọnlẹ̀ ní kí á fi ìka tẹ ìwé, Alassane tẹ̀ ẹ́, èmi náà tẹ̀ ẹ́. Igi kajú mi nìyí, mo fẹ̀yìn ti ọ̀kan nínú wọn."

Laure fi ọwọ́ bo etí rẹ̀ kejì kí ó lè gbọ́. Lẹ́yìn ohùn obìnrin náà, ọkùnrin kan ń jiyàn pẹ̀lú ọkùnrin mìíràn.

"Kí ló tún ṣẹlẹ̀?"

"Alassane ni. Ó ní ihò náà kò jìn tó, pé òjò kan péré ló máa wó òpó náà. Awọnlẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò bi í. Ó ti gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn, òun ló ń gbẹ́ ẹ báyìí. Màdáàmù, ẹ jẹ́ kí n lọ bu omi fún un. Oòrùn yìí mú."